Ọyẹ́ kọ́ ló ń bo Delhi

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Mo ka ìtumọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama lórí afẹ́fẹ́ ìlú Delhi ní Íńdíà, mo sì kí wọn kú làálàá. Ṣùgbọ́n ‘ọyẹ́ eléèéfín’ tí wọ́n fi pe èéfín nínípọn (‘smog’ ní Gẹ̀ẹ́sì) tó máa ń bo ìlú náà láti oṣù Bélú títí wọ Ṣẹẹrẹ, n kò lè gbé e mì. Àwọn tó ti yìn ín ṣáájú mi ní ó dùn létí. Ó dùn létí lóòótọ́, àmọ́ irọ́ ló ń pa fún ọmọdé.

Kí ni ọyẹ́? Atẹ́gùn ni. Ọyẹ́ a máa fẹ́, ọyẹ́ a sì máa mú. Ìyá àgbà tó tọ́ mi ní Ìsẹ́yìn kò wo kàlẹ́ńdà. Bí atẹ́gùn òkè ọya bá ti ń gbá fèrèsé láàárọ̀, tí ètè wa là, tí ẹsẹ̀ wa funfun, wọn á gbé igbá òrí síta, wọn á ní, “Ọyẹ́ ti dé.” Sàhárà ló ti ń ru eruku bọ̀. Ẹ mú atẹ́gùn kúrò níbẹ̀, kò sí ọyẹ́ mọ́.

Ní Delhi, àìsí atẹ́gùn gan-an ni wàhálà. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ìlú náà wà, ó jìnnà sí òkun, kò rí afẹ́fẹ́ òkun tó ń gba Mumbai sílẹ̀. Òkè Himalaya dábùú àríwá. Nígbà ọ̀gìnnìtìn, ilẹ̀ á tutù lóru, afẹ́fẹ́ tó sún mọ́ ọn á tutù, á wúwo, á jókòó. Èyí tó móoru á wá dé e lórí bí ọmọrí ìkòkò. Èéfín ọkọ̀, èéfín iná tí àwọn ọlọ́dẹ ń yá lẹ́nu géètì, kò rọ́nà gbà. Òṣùwọ̀n tí ìjọba ibẹ̀ fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe dọ̀tí tó parí sí 500; lásìkò yẹn ó máa ń kọjá 400. Ọkọ̀ wọ̀nyẹn kan náà ló ń rìn ní Agẹmọ àti Ògún, ṣùgbọ́n òjò ń fọ afẹ́fẹ́ nígbà náà, ara sì ń tu èèyàn.

Ẹni tó kọ̀wé láti Ìbàdàn sọ pé oṣù kan náà ni tiwa àti tiwọn bọ́ sí, nítorí náà kí ọyẹ́ máa jẹ́ ọyẹ́. Rárá o. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ohun tó jọ ọyẹ́ wà ní Delhi, ìgbà ooru ló ń dé: láti Igbe sí Òkúdu, atẹ́gùn gbígbóná láti ìwọ̀ oòrùn a máa ru eruku aṣálẹ̀ Thar gba Rajasthan wọ̀lú. Bí a bá ti fi ọyẹ́ fún ti ọ̀gìnnìtìn, kí la fẹ́ pe èyí?

Wọ́n tún ní atẹ́gùn ló ń gbé èéfín oko ìpínlẹ̀ Punjab àti Haryana wá. Òótọ́ ni. Òfin 2009 ní Punjab ní kí àgbẹ̀ má tètè gbin ìrẹsì, kí omi abẹ́ ilẹ̀ má baà tán. Ìkórè wá sún mọ́ àkókò àlìkámà, wọ́n sì ń dáná sun koríko tó kù lóko kí àyè lè yá. Atẹ́gùn tó gbé èéfín yẹn dé kò lágbára tó lè gbé e lọ. Kí Bélú tó parí, iná oko ti kú tán. Ọ̀pẹ àti Ṣẹẹrẹ ńkọ́, tí ojú ọ̀run ṣì dúdú?

Àwọn kan ní ‘elé-’ tó wà nínú ‘eléèéfín’ ti yanjú rẹ̀. Kò yanjú nǹkan kan. Ilé alájà, ilé ni. Ọyẹ́ eléèéfín, ọyẹ́ náà ni.

‘Ìkùukùu èéfín’ ni mo fara mọ́. Ẹni tó ní omi ni ìkùukùu, omi wà níbẹ̀: ní Ọ̀pẹ àti Ṣẹẹrẹ, ìrì a máa lẹ̀ mọ́ èéfín yẹn títí ọkọ̀ òfuurufú kò fi ní rí ibi bà sí. Ní ti ooru tó ń dé afẹ́fẹ́ tútù lórí, ‘ìdérí ooru’ tẹ́ mi lọ́rùn ju pípè é ní ‘ìdojúdé ooru’ lọ. Ọkọ̀ ojú omi ló ń dojú dé, jàǹbá sì ni. Èyí, ìṣe òru ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ní àwọn ti ń kọ́ni ní gírámà kí a tó bí àwa, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, sà. Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì fèsì lórí atẹ́gùn. Ẹni tó sì ní ‘èéfí’ ni kí a máa kọ, ‘èéfín’ ni wọ́n ń sọ nílé wa, n kò ní yí i padà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọyẹ́ kúrò níbẹ̀ kí ìwé náà tó lọ sọ́dọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé.