Ẹ gbà mí o, mo fẹ́ sá kìlómítà 5, mi ò sì lè sá dé ìyànà kejì

Télọ̀ÒkèFìà

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Télọ̀ ni mí, Òkè-Fìà níbí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ọmọ ọdún 36 ni mí, mo ti bímọ méjì. Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ orí àga ni mo máa ń wà, ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ maṣíìnì nìkan ló ń ṣe eré ìdárayá nínú gbogbo ara mi. Àwa tá a jọ jáde sẹ́kọ́ńdírì ló wá ní ọdún yìí a ò ní jẹun ká mu nìkan, a máa sá kìlómítà 5, ẹni tó bá parí ẹ̀ máa gba ẹ̀bùn alárà kan, èmi alátẹnujẹ yìí ni mo kọ́kọ́ pariwo lórí WhatsApp pé ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá báyìí.

Mo wá jáde láàárọ̀ Sátidé, mo ní kí n sá láti Òkè-Fìà dé Ọlá-Ìyá. Ẹ ẹ̀ rí i, mi ò tíì kọjá ìyànà kejì tí mo ti ń mí helehele, ìhà ń gún mi, mo di ògiri ilé onílé mú. Ìyá oníàkàrà kan ní "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣé wọ́n ń lé yín ni?" Ojú tì mí, ọ̀kadà ni mo gùn padà sílé. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé eré yìí wà fún irú àwa yìí? Irú bàtà wo sì ni kí n rà? Ọkọ mi ní kí n má pa ara mi.

Bọ̀dáPápá

Hà, àǹtí télọ̀, kò sóhun tó ṣe yín, eré lẹ sá jù. Ẹni tí ò sáré látọjọ́ yìí, tó bá jáde, eré ọmọ iléèwé tó ti pẹ́ dé, tó ń gbọ́ aago lọ́ọ̀ọ́kán, ló máa ń sá. Àwa níbí náà, eré wàràwàrà la máa ń wò, Tobi Amusan tó fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 fo ìdènà 100 mítà ní 2022, a wá rò pé bí gbogbo eré ṣe rí nìyẹn. Tiyín yàtọ̀. Kìlómítà 5 jẹ́ ìyípo 12 àti ààbọ̀ lórí pápá 400 mítà, ẹ ẹ̀ lè fi kánjúkánjú ṣe é.

Ẹ sá a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ débi tójú á fẹ́ẹ́ tì yín. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kẹ́ ẹ máa sọ̀rọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń sá, kí gbólóhùn délẹ̀, bẹ́ ẹ tiẹ̀ dá wà ẹ máa ka gbèsè táwọn kọ́sítọ́mà jẹ yín sókè. Tí ẹnu yín ò bá lè ka orúkọ méjì tán kẹ́ ẹ tó mí, ẹ dẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ọjọ́ ìsinmi máa wà láàárín. Ẹ kọ́kọ́ rìn kíákíá fún ìṣẹ́jú 5, ẹ wá sá ìṣẹ́jú kan, ẹ rin ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, kẹ́ ẹ máa lọ ilé. Ó máa rọrùn, ó máa ṣe yín bíi kẹ́ ẹ fi kún un, ẹ má fi kún un. Ará Amẹ́ríkà kan, Josh Clark, ló to ètò yìí ní 1996, Couch to 5K ni wọ́n ń pè é, ọ̀sẹ̀ 9 ni, ó wà lórí fóònù. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀sẹ̀ karùn-ún, lọ́jọ́ kẹta, ẹ máa rí i pé wọ́n ní kẹ́ ẹ sá 20 ìṣẹ́jú láì rìn rárá. Ẹ̀rù máa bà yín. Ẹ ṣáà lọ. Rírìn kì í ṣe ìtìjú o, lọ́jọ́ ìje pàápàá.

ỌmọAyétòrò

Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀? Ojoojúmọ́ ni o, ara gbọ́dọ̀ jìyà kó tó mọ́ ọn. Bí kóòṣì tiwa ṣe ṣe é fún wa nìyẹn.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́

Ẹ̀yin ọmọ Ayétòrò, ọmọ ọdún mélòó ni yín nígbà yẹn? Àǹtí, ẹ má dá wọn lóhùn. Èémí máa ń tètè dáa, egungun àti iṣan ló máa ń pẹ́. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta ẹ̀ẹ́ rò pé ẹ ti di akọni, ẹ̀ẹ́ wá sá àsápọ̀jù, ojúgun á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ojúgun ló ń ro díẹ̀díẹ̀, ẹ sinmi ọjọ́ mélòó kan. Ojú kan ṣoṣo tẹ́ ẹ bá fìka tẹ̀ tó ń dùn gan-an, ẹ má sá mọ́, ẹ lọ fi han dókítà. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ó ṣe tán kẹ́míìsì lásán lè bá yín wò ó. Àyà tó bá ń dunni tàbí òòyì, ìyẹn ò sí nínú ohun téèyàn ń fara dà.

Ìhà tó ń gún yín yẹn, kí lẹ jẹ? Tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ̀bà, ó kéré tán wákàtí méjì sí mẹ́ta. Láàárọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan pẹ̀lú omi ti tó. Kọ́mú tó dì dáadáa náà o, àwọn ọkùnrin ò ní sọ ìyẹn fún yín.

Títì náà ńkọ́? Ọwọ́ òsì ni kẹ́ ẹ gbà, kẹ́ ẹ máa kọjú sí mọ́tò tó ń bọ̀.

Bọ̀dáPápá

Nọ́ọ̀sì ti parí ẹ̀. Ti bàtà ló kù. Òkìríkà dáa, èmi náà òkìríkà ni mo ń wọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ rà á, torí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀ nígbà yẹn, kí àyè àtàǹpàkò kan ṣẹ́ kù níwájú ọmọ ìka tó gùn jù. Ẹ gbé e sórí tábìlì kẹ́ ẹ wò ó látẹ̀yìn, tó bá ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó dagun, ẹ fi sílẹ̀ bó ti wù kó funfun tó. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ibi ọmọ ìka ló yẹ kó ti ká, tó bá ká láàárín, ó ti kú nìyẹn.

Télọ̀ÒkèFìà

Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé o, ẹ kú àdúrótì. Mo fo ọ̀sẹ̀ kan torí aṣọ ẹbí tí wọ́n gbé dé, mo kàn tún èyí tí mo ṣe kẹ́yìn ṣe ni. 20 ìṣẹ́jú yẹn, mo sá a! Gbèsè kọ́sítọ́mà ni mo kà, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, inú wá ń bí mi, mo fẹ́ẹ̀ sáré jù. Ojúgun ọ̀tún ro mí díẹ̀, mo sinmi, ó lọ. Bàtà tí mo rà, ìránsí ẹ̀ ń tú lápá kan, ọwọ́ ara mi ni mo fi rán an.

Ìyá oníàkàrà ti mọ̀ mí. Ó ní tí mo bá tún ń bọ̀ kí n máa mówó dání.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́

Ẹ ẹ̀ jẹ àkàrà yẹn kẹ́ ẹ tó sá ṣá?

Télọ̀ÒkèFìà

Tí mo bá ń padà bọ̀ ni, mà.