"Apaya" àbí "apobìnrin": kí ni ká máa pe àwọn àlọ́ wọ̀nyí?

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé ká máa pe gbogbo àlọ́ ilẹ̀ Yúróòpù tí ọkọ ti ń pa ìyàwó ní "àlọ́ apaya", ká máa pe obìnrin tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní "alárékérekè", ká sì máa pe yàrá tí òkú wà ní "yàrá èèwọ̀". Mo ní ọ̀rọ̀ sọ lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Apaya" ṣe wẹ́kú fún àlọ́ Onírùngbọ̀n-Aró (Bluebeard) tí òǹkọ̀wé Charles Perrault tẹ̀ jáde nílẹ̀ Faransé lọ́dún 1697. Ìyàwó ilé ni ọkùnrin náà ń pa lóòótọ́: òkú wọn ló so mọ́ ara ògiri, tí ẹ̀jẹ̀ dídì sì bo ilẹ̀ yàrá tó ní kí ìyàwó tuntun má ṣí. Ṣùgbọ́n nínú Der Räuberbräutigam (Ọkọ Ìyàwó Ọlọ́ṣà), àlọ́ 40 nínú àkójọ àwọn Grimm, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó kó àlọ́ ilẹ̀ Jámánì jọ, àfẹ́sọ́nà ni ọkùnrin náà ṣì jẹ́, ọmọbìnrin mìíràn tí òun àti àwọn ọlọ́ṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ́ wálé ni wọ́n sì pa. Nínú Fitchers Vogel (Ẹyẹ Fitcher), àlọ́ 46 nínú àkójọ kan náà, oṣó tó múra bí alágbe ló ń fọwọ́ kan ọmọge tí onítọ̀hún á fi fò sínú agbọ̀n rẹ̀. Ta ni aya níbẹ̀? Hans-Jörg Uther pàápàá, onímọ̀ àlọ́ ará Jámánì, nínú àtòjọ oríṣi àlọ́ tó ṣe lọ́dún 2004, nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló fún wọn: 312, 955 àti 311. "Apobìnrin" gba gbogbo wọn. Kí "apaya" dúró fún 312, ìyẹn oríṣi ti Onírùngbọ̀n-Aró.

"Alárékérekè" ló dùn mí jù. Ẹni tó ń rẹ́ni jẹ là ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ohun tí ọmọ kẹta ṣe nínú Fitchers Vogel. Oṣó fún un ní kọ́kọ́rọ́ àti ẹyin kan, ó ní kó máa gbé ẹyin náà kiri, kó má sì ṣí yàrá kan. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì gbé tiwọn wọ yàrá náà, ẹ̀rù bà wọ́n, ẹyin bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n nù ún títí kò mọ́, oṣó fi mọ̀, ó sì pa wọ́n. Òun kọ́kọ́ tọ́jú ẹyin síbi tó dára kó tó ṣílẹ̀kùn. Ìyẹn ló gbà á. Ó wá to ẹ̀yà ara àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ, orí, ara, apá, ẹsẹ̀, wọ́n sì jí. Ó kó wọn sínú agbọ̀n, ó da wúrà bò wọ́n, ó ní kí oṣó fúnra rẹ̀ gbé e lọ sílé bàbá òun. Ó ṣe agbárí kan lọ́ṣọ̀ọ́ bí ìyàwó sójú fèrèsé, òun fúnra rẹ̀ wọ inú oyin, ó yíra nínú ìyẹ́, ó sì jáde bí ẹyẹ àjèjì. Ọmọbìnrin inú àlọ́ 40 náà kò gbára lé eérú tí wọ́n dà sọ́nà fún un, ó ń ju ẹ̀wà sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Afẹ́fẹ́ gbá eérú lọ, ẹ̀wà ti hù nígbà tó ń bọ̀ lóru, òun ló sì fọ̀nà hàn án. "Onílàákàyè" lẹni tó rí iwájú bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó Onírùngbọ̀n-Aró kò dé ipò yẹn, mi ò sì rò pé ó yẹ ká fagbára tì í síbẹ̀. Ó tọrọ àyè láti gbàdúrà, Anne ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wọ̀nà láti orí ilé ìṣọ́, àwọn arákùnrin wọn méjì tó jẹ́ ọmọ ogun ló wá pa ọkùnrin náà.

"Yàrá èèwọ̀" ń dá obìnrin lẹ́bi ṣáájú ìdájọ́, nítorí ẹni tó bá jẹ èèwọ̀ ló jẹ̀bi. Perrault yóò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó fi parí àlọ́ rẹ̀ ń bá òfíntótó wí. Àmọ́ ọmọ kẹta nínú Fitchers Vogel ṣí yàrá yẹn, àlọ́ kò sì bá a wí rárá. Nínú Mr Fox, irú àlọ́ yìí kan ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sẹ́ni tó fún Lady Mary, àfẹ́sọ́nà apànìyàn náà, ní kọ́kọ́rọ́ tàbí òfin kankan. Ohun tó wà lórí ilẹ̀kùn ni pé kó láyà, ṣùgbọ́n kó má láyà jù. Ìkìlọ̀ nìyẹn. "Yàrá àṣírí" ni mo fọwọ́ sí.