Ayé àpáàdì kọ́, ìlú tó ká ni mọ́ ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bá wa dá sí i, ẹ kú iṣẹ́.

Láti ọjọ́ Ajé ni a ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wa lọ́wọ́: kí ni ká máa pe irú ìwé ìtàn àròsọ tí Òyìnbó ń pè ní dystopia, ìyẹn ìtàn ìlú ọjọ́ iwájú tí ètò ìjọba ti di ìnira fún àwọn ará ibẹ̀? Ẹni tó dá a sílẹ̀ ní kí a pè é ní “ìtàn ayé-bàjẹ́”. Ọ̀gá wa kan láti Ìbàdàn ní rárá o, “ayé àpáàdì” ló yẹ ẹ́, torí pé a ti ní ọ̀run àpáàdì nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnì kẹta ní kí a má wulẹ̀ da ara wa láàmú, kí a kọ ọ́ ní “disitópíà”, kí oníkálukú lọ sùn. Èmi ò dá sí i nítorí pé n kò ka ọ̀kan rí. Mo ti kà á wàyí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 16, ló gbàgbé tiẹ̀ sílé mi ní Yábàá nígbà tó wá lo ìsinmi. Ìwé tòkunbọ̀ ni, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ẹnì kan tí a ò mọ̀ rí sì ti fi báírò fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wà. Mo ní kí n wo ojú ewé méjì kí oorun tó gbé mi lọ. Ìgbà tí n óò fi gbójú sókè, iná ti lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń kàwé, aago mẹ́ta òru sì ti kọjá. Èmi ìyá àgbàlagbà, tí mò ń bínú sí ọmọkùnrin inú ìwé pé kí ló ń dá a dúró tí kò tíì lanu sọ̀rọ̀! Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín, kò burú.

Ìlú kan ló wà nínú rẹ̀, ní ayé tí kò tíì dé. Títì mọ́ tónítóní. Kò sébi, kò sólè, kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Tí ọmọ bá pé ọdún 16, ìjọba á yan iṣẹ́ fún un, á yan ilé fún un, tó bá yá á yan ọkọ tàbí aya fún un. Fèrè á dún ní aago mẹ́jọ alẹ́, kálukú á wọlé. Ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé kò mọ̀ pé ohunkóhun burú nínú gbogbo èyí, àfi lọ́jọ́ tó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ àgbà ń fi imú kọ orin kan tí kò sí lára àwọn orin tí ìjọba fọwọ́ sí.

Ibẹ̀ ni “ayé-bàjẹ́” ti já bọ́ lọ́wọ́ mi. Ayé bàjẹ́ ni àwọn òbí wa máa ń pariwo tí ọmọ bá nàró kí àgbà. Ọ̀rọ̀ ìwà ni. Ọmọ inú ìwé yìí ń kúnlẹ̀ kí àgbà dáadáa, wọ́n ń tò sórí ìlà láìsí ẹni tó ń fi bẹ́líìtì na ẹnikẹ́ni. Ìlú tó bàjẹ́ ni èyí tí kò sẹ́ni tó ń tọ́jú rẹ̀. Èyí, wọ́n tọ́jú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

“Ayé àpáàdì” ni mo fẹ́ràn jù kí n tó kàwé, ọ̀gá wa ará Ìbàdàn yóò sì dárí jì mí bí mo bá ní kò bọ́ sí i. Kí ni àpáàdì? Èéfọ́ ìkòkò, ohun tó ti fọ́ tí wọ́n kó dà sẹ́yìnkùlé. Ìkòkò inú ìwé yìí kò fọ́ rárá. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n nù ún, wọ́n wá dé e pa mọ́ àwọn tó wà nínú rẹ̀ lórí. Ohun mìíràn tún wà. Àwọn àgbà ní àpáàdì ló tó ko iná lójú. Bí a bá fẹ́ lo àpáàdì nínú ìtàn yìí rárá, ọmọbìnrin náà ni ká fi pè, ẹ má fi pe ìlú tó ń bá a jà.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ọ̀rọ̀ Òyìnbó gan-an ti ṣẹ̀. Ní 1516, Thomas More, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa erékùṣù kan tí ètò ibẹ̀ gún régé, ó sọ ọ́ ní Utopia. Èdè Gíríìkì ló fi ṣeré: tí o bá gbọ́ ọ bákan, “ibi tí kò sí” ni, tí o bá gbọ́ ọ bámìíràn, “ibi tó dára” ni. (Àwa tí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wa ń yí padà bí ohùn bá ṣe ròkè tàbí sọ̀kalẹ̀, irú eré bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa.) Nígbà tó di 1868, John Stuart Mill, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò tó tún jẹ́ aṣòfin, dìde nílé aṣòfin wọn ní London, ó ń bá ìjọba wí lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ireland, ó ní dys-topians, ìyẹn ará ibi burúkú, ni irú wọn, torí pé ohun tí wọ́n ń fẹ́ ti burú kọjá ohun tó ṣeé ṣe. Ẹ kíyè sí i o: ìjọba tó ní ètò lọ́wọ́ ló ń bá wí, kì í ṣe adigunjalè.

Àwa ará Èkó kò sì nílò kí Mill jí dìde wá ṣàlàyé èyí fún wa. Láti 1955 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé kan ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó. Wọ́n ní ibẹ̀ há, ó dọ̀tí, kò yẹ olú-ìlú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbébẹ̀ ni wọ́n kó lọ sí Sùúrùlérè, tí wọ́n wá jìnnà sí ọjà àti sí mọ̀lẹ́bí. Ẹ gbọ́ orúkọ ibi tí wọ́n kó wọn lọ ná! Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun wó àdúgbò Màrókò ní Èkó níbí. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni wọ́n sábà máa ń kà mọ́ àwọn tó di aláìnílé níbẹ̀. Ìgbà kankan nínú méjèèjì, kò sẹ́ni tó jáde sọ pé “a fẹ́ ba ayé wọn jẹ́”. Àtúnṣe ni wọ́n pè é. Ọ̀rọ̀ tí a ń wá yìí gbọ́dọ̀ lè gba àtúnṣe yẹn mọ́ra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ lásán la ṣẹ̀dá.

Nígbà tí ọmọ náà padà wá gbé ìwé rẹ̀, mo bi í pé kí ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. “Àǹtí, dystopian ni.” Mo ní lédè wa ń kọ́? Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Ìwé kónílé-ó-gbélé.”

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde jó. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n ti Èkó pa ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2020, ọ̀rọ̀ yẹn ni rédíò ń kọ́ wọn lójoojúmọ́. Ẹ sì wo bí wọ́n ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀: àṣẹ odidi ni, kí onílé ó gbélé, a wá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ. Bí èdè wa ṣe ń ṣe nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò bá dúró tì í. Tòkunbọ̀ ń jẹ́ orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ kí a tó mú un lọ fún mọ́tò àlòkù. Àgbèrò ń gba èrò sínú ọkọ̀ ni, ẹ wo ohun tó dà lónìí ní Ọ̀yìngbò.

Ṣùgbọ́n òfin kónílé-ó-gbélé máa ń kásẹ̀ nílẹ̀ bó pẹ́ bó yá. Ti inú ìwé yìí, wọ́n bí bàbá àgbà sínú rẹ̀. Ohun tí mo mú wá síwájú yín nìyí: “ìlú akánimọ́”, kí ìwé rẹ̀ jẹ́ “ìtàn ìlú akánimọ́”. Ó tẹ̀ lé afinihàn, amúnisìn àti agbanisíṣẹ́, a kò dá òfin tuntun kankan sílẹ̀. Ká-mọ́ kò sì sọ pé ẹni tó ká ọ mọ́ burú lójú ara rẹ̀. Ó sọ pé ọ̀nà kò sí fún ọ. Èmi náà rí àléébù rẹ̀. Ọlọ́ṣà ń ká ènìyàn mọ́lé, ọlọ́pàá náà ń ká ọlọ́ṣà mọ́. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ kí ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ ka ìwé kan o.

“Ìwé màjèṣín” tí ẹnì kan dá lábàá fún ìwé tí wọ́n ń kọ fún àwọn ọmọ bíi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Èébú wà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́langba ti tó.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ẹnì kan ní kí a pe ìwé wọ̀nyí ní “ìtàn ìfẹ́” kí gbogbo rẹ̀ tán síbẹ̀. Rárá. Ìfẹ́ inú rẹ̀ kò ju iyọ̀ inú ọbẹ̀ lọ, tí kò bá sì sí níbẹ̀, ẹ ó mọ̀. Ọmọkùnrin náà ni wọ́n fi ṣọ́ ẹnubodè. Ó yẹ kó fa ọmọbìnrin náà lé wọn lọ́wọ́, ó wá ń kọ orúkọ ẹlòmíràn dípò ti ọmọbìnrin náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹnubodè lálaalẹ́. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nìyí: nílẹ̀ wa, ẹbí á ṣe ìfojúsóde, alárinà á lọ á bọ̀, síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ ń dúró de ìṣíhùn, ìyẹn ọjọ́ tí ọmọbìnrin á la ẹnu ara rẹ̀ pé òun gbà. Nínú ìwé yìí, ìjọba ló fojú sóde, ìjọba ni alárinà, wọ́n sì ti yọ ìṣíhùn kúrò. Gbogbo ewé tó lé ní 300 tí mo fi òru kà, ọmọbìnrin kan ló ń wá bí òun ṣe máa ṣíhùn. Nítorí náà, ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ fún ìfẹ́ tó ń falẹ̀ nínú ìwé wọ̀nyí, “ìfẹ́ àìṣíhùn” ni tèmi.

Lánàá ni mo kọjá sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Yábàá, kí n bá ọmọ náà wá apá kejì. Mo ní kí n fi ọ̀rọ̀ mi wò. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní ìtàn ìlú akánimọ́?” Bàbá náà ní, “Ti ẹlẹ́wọ̀n?” Mo ní rárá, mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ ọ dé ìdajì, ó ní, “Háà, èyí tí ìjọba ń ṣe wọ́n bí ọṣẹ ṣe ń ṣojú, tí ọmọbìnrin kan á wá lọ máa fẹ́ ẹ̀ṣọ́?” Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé odidi àpótí kan sílẹ̀ níwájú mi.