Ẹṣin tó ń bẹ̀rù ìbọn: ẹ bá wa dá sí i kí Ojúde Ọba tó dé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹṣin í kọ́ n'Ìjẹ̀bú-Òde àti Rẹ́mọ, ẹ jọ̀ọ́, ìrànlọ́wọ́ yín là ń wá.

Ohun tí à ń kọ́ àwọn ọmọ tó máa gùn ún ni pé dídẹ okùn ìjánu ló ń kọ́ ẹṣin, kì í ṣe fífà á. Rọra fa ìjánu. Bó bá ti dúró, dẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Tó o bá pẹ́, kò ní mọ èyí tó ṣe tó dáa. Tó ò bá dẹ̀ ẹ́ rárá, ẹnu rẹ̀ á yigbì. Àwọn mìíràn ń fi gìgísẹ̀ gbún un níkùn, wọ́n tún ń fa ìjánu pọ̀ mọ́ ọn. "Lọ" àti "dúró" lẹ́ẹ̀kan náà! Ẹṣin á nà ró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, èrò á pàtẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ìdààmú ló bá ẹranko náà.

Kíkọ́ ẹṣin kó má bẹ̀rù ìlù ò ṣòro. Àádọ́ta ìṣísẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń lùlù la ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá sọ orí kalẹ̀, tó ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́, a sún mọ́ ọn díẹ̀. Bí etí bá le gbọnrangandan, a padà sẹ́yìn.

Ìbọn ṣakabùlà ni wàhálà, nítorí kò ṣeé dín ohùn rẹ̀ kù. Ṣé ti inú fóònù, tí à ń gbé ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Ẹṣin tí a yá, tó sì ku ọjọ́ mẹ́rin péré, ṣé ó ṣì ṣeé kọ́, àbí ká kúkú jìnnà síbi tí wọ́n ti ń yìnbọn?