Ọ̀bẹ ọlọ́mọ tàbí ẹ̀mú ọlọ́mọ: kí ni ká máa pe irinṣẹ́ àkápọ̀ inú àpò?

Láti Kubwa

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Àbá méjì ló wà nílẹ̀ fún irinṣẹ́ kékeré tí à ń ká pọ̀ sí àpò, èyí tí ọ̀bẹ, àlùmọ́gàjí, ayùn àti sùkúrúdíráfà jọ ń gbé inú rẹ̀. Àbá kìíní ni "irinṣẹ́ ọlọ́pọ̀-iṣẹ́", èkejì ni "ọ̀bẹ àpò". Tàkọ́kọ́ gbòòrò jù, tèkejì há jù. Ohun méjì là ń fi orúkọ kan pè, ẹni tó bá sì ra ọ̀kan níbi tó ti nílò èkejì, owó rẹ̀ ti wọgbó nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi méjì tó gbajúmọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀kan ni Huntsman tí Victorinox ń ṣe ní Swítsàlandì: mìlímítà 91 ni gígùn rẹ̀ bí a bá ká a tán, ìwúwo rẹ̀ kò ju bíi gíráàmù 97 lọ. Èkejì ni Wave+ ti Leatherman, láti Portland ní Amẹ́ríkà: sẹ̀ǹtímítà 10, gíráàmù 241. Ọdún 1998 ni Wave kọ́kọ́ jáde. Ní 2018 ni wọ́n sọ ojú ìgéwáyà rẹ̀ di èyí tó ṣeé tú kúrò kí a sì fi òmíràn rọ́pò, tí wọ́n wá fi àmì ìròpọ̀ yẹn sí orúkọ rẹ̀.

Ọ̀bẹ ni Huntsman. Kò ní ẹnu kankan tó lè fún nọ́ọ̀tì mọ́lẹ̀ kó sì yí i. Wave+ ní tirẹ̀, bí o bá ya apá rẹ̀ méjèèjì síra, ẹnu ẹ̀mú ló yọrí, inú apá wọ̀nyẹn sì ni gbogbo ìyókù ń gbé. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gígé, ṣíṣí àti rírẹ́ ẹ̀ka kékeré, ọ̀bẹ ló ń wá. Ẹni tó ń fa nǹkan, tó ń yí nǹkan, tó ń di nǹkan mú, ẹ̀mú ló ń wá. Orúkọ tí kò bá sọ èyí kò ran olùrà lọ́wọ́.

Èdè wa sì ti ní ọ̀nà tó fi ń pe ohun kékeré tó ń bá ohun ńlá ṣiṣẹ́: ọmọ ni. Ọmọ ọlọ, ọmọ odó, ọmọ ayò, ọmọ àgádágodo. Nítorí náà mo dábàá *ọ̀bẹ ọlọ́mọ* fún Huntsman àti irú rẹ̀, *ẹ̀mú ọlọ́mọ* fún Wave+ àti irú rẹ̀. Bí a bá fẹ́ pe méjèèjì pọ̀, *irinṣẹ́ ọlọ́mọ* ti tó.

Ìdí mìíràn tí "ọlọ́pọ̀-iṣẹ́" kò fi tẹ́ mi lọ́rùn ni pé iye iṣẹ́ ni àwọn tó ń ta á fi ń polówó, iye yẹn a sì máa tanni jẹ. Wọ́n ní iṣẹ́ 15 ni Huntsman ń ṣe. Ẹ jẹ́ ká kà á: ojú ọ̀bẹ ńlá, ojú ọ̀bẹ kékeré, ayùn, àlùmọ́gàjí, ìṣí-agolo, ìṣígò, ìlu tí a fi ń dá nǹkan lu, ìkọ́, àti irin lílọ́ tí a fi ń fa ìdérí ìgò wáìnì. Mẹ́sàn-án nìyẹn. Ẹ fi ẹ̀mú tín-ín-rín tí a fi ń yọ ẹ̀gún àti ìtayín kún un, ó di ọmọ 11. Níbo ni mẹ́rin tó kù wà? Ṣóńṣó ìṣí-agolo ni sùkúrúdíráfà mìlímítà 3. Orí ìṣígò ni ti mìlímítà 6. Ibi tí wọ́n gé wọnú díẹ̀ nídìí ìṣígò yẹn kan náà ni ìbówáyà. Ẹ̀kẹrin ni òrùka tí a fi ń so kọ́kọ́rọ́! Ọmọ kan ló ń jẹ́ iṣẹ́ mẹ́ta níbẹ̀. Bákan náà ni Wave+ tí wọ́n ní iṣẹ́ 18 ni tirẹ̀: orí ẹ̀mú nìkan ti kó mẹ́rin níbẹ̀, ìyẹn ẹnu ṣóńṣó, ẹnu gbòòrò, ìgéwáyà àti ìgéwáyà líle. Bí a bá ń ka ọmọ, a ó mọ iye ohun tó wà lọ́wọ́ wa gan-an.

Ohun kan tí ìtumọ̀ kò gbọdọ̀ fò ni títì. Ọ̀bẹ, ayùn, fáìlì àti àwọn ọmọ yòókù lára Wave+ ló ń tì bí a bá ṣí wọn tán. O ní láti sún ohun tó dá a dúró kó tó lè padà. Ti Huntsman kì í tì, sípíríǹgì lásán ló ń dì í mú. Bí o bá fi ṣóńṣó rẹ̀ gún páálí líle, tàbí tí o tẹ ẹ̀yìn ojú ọ̀bẹ náà, ó lè ká padà sórí ìka rẹ. Ìlu rẹ̀ nílò ìṣọ́ra jù lọ nítorí ọwọ́ ẹni a máa fẹ́ tẹ̀ ẹ́ síwájú; yíyí ni kí o máa yí i.

Láti Kaduna

Ẹ kú làákàyè, ẹ̀gbọ́n. Mo gba "ọlọ́mọ" tọkàntọkàn. "Ẹ̀mú" ni n kò gbà.

Ohun tí àgbẹ̀dẹ fi ń mú irin gbígbóná jáde nínú iná ni ẹ̀mú. Kì í gé nǹkan. Ẹ wá sí Pantẹ́kà níbí, níbi tí wọ́n ti ń rọ irin tí wọ́n sì ń ta irinṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, kò sí ọmọ iṣẹ́ Yorùbá kan tó máa bèèrè ẹ̀mú. Pùláyà ni yóò pè é. Àlùmọ́gàjí tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ sókè yẹn, ọ̀dọ̀ Hausa la ti gbà á, almakashi ni wọ́n ń pè é, ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni àwọn náà sì ti rí i. Kò sẹ́ni tó ń lé e jáde nínú ìwé. Kí ló wá dé tí pùláyà kò ní rí àyè jókòó?

Ẹ sì wò ó, ẹ̀yin náà ti lo "ẹ̀mú" fún tín-ín-rín tó wà lára Huntsman. Ẹni tó bá kà á nínú ìwé pé ọ̀bẹ ọlọ́mọ kan ní ẹ̀mú á rò pé ó lè fi tú nọ́ọ̀tì. Ayùn náà ń dani láàmú: àwọn àgbà ń fi orúkọ kan yìí pe èyí tó ń rẹ́ igi àti èyí tó ń ha irin, méjèèjì ló sì wà lára Wave+. Mo ní ká fi fáìlì sílẹ̀ fún èkejì, bí àwọn jórinjórin ṣe ń pè é.

Ní ti èyí tó yẹ kéèyàn rà, ọ̀bẹ ni mo fara mọ́ fún ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹ fi gíráàmù 241 sínú àpò káfútáànì ọjọ́ Jímọ̀, kẹ́ ẹ wo bí ẹ̀gbẹ́ kan aṣọ náà yóò ṣe máa wọ́. Páálí, okùn, agolo, èékánná, sùkúrù inú púlọ́ọ̀gì oní-13 áńpíà: ọ̀bẹ ṣe gbogbo rẹ̀. Ṣóńṣó mìlímítà 3 yẹn wọ sùkúrù kékeré tó ń di wáyà mú nínú púlọ́ọ̀gì, bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ sùkúrù olórí àgbélébùú. Ẹni tó bá nílò pùláyà, kó ra èyí tí rọ́bà ọwọ́ rẹ̀ lè dènà iná fóòtì 1000, kó fi sílé. Ẹnu Wave+ tín-ín-rín níwájú. Bí o bá fi tú nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà, á ha igun nọ́ọ̀tì náà dànù, tàbí kí ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ yà síra. Sùkúrúdíráfà rẹ̀ ńlá náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: bíìtì pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe fún un nìkan ló ń gbà, bíìtì onígun mẹ́fà tó kún ọjà kò wọ̀ ọ́ àyàfi tí o bá ra ohun ìsopọ̀ rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé ọyẹ́ o. Eruku ọyẹ́ tó bá pàdé òróró nínú oríkèé irinṣẹ́ yìí á di ẹrẹ̀ tó ń ha irin bí ìyanrìn. Ẹ ṣí gbogbo ọmọ rẹ̀, ẹ rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ní ọṣẹ díẹ̀, ẹ máa ṣí i kẹ́ ẹ máa pa á dé nínú omi náà títí kò fi ní há mọ́, ẹ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ dénú, kẹ́ ẹ tó kán òróró ẹ̀rọ fífúyẹ́ kan ṣoṣo sí oríkèé kọ̀ọ̀kan. Òróró ẹ̀pà kò dára níbẹ̀, á dì bíi gọ́ọ̀mù. Òróró ẹ́ńjìnnì ki jù, eruku ló máa ń kó jọ.

Láti Kubwa

Àbúrò, o ṣeun. Fáìlì wọlé, mi ò bá ọ jà lórí ìyẹn. Ti ẹ̀mú, mo ṣì dúró síbi tí mo wà. Inú "mú" ló ti wá, iṣẹ́ ẹnu náà sì ni láti mú nǹkan. Gígé wáyà tó wà nídìí ẹnu yẹn, ọmọ ni. Pùláyà kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ọmọdé lè gbá mú nínú rẹ̀. Ká kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mú gẹ́gẹ́ bí orúkọ kejì, kí àwọn Pantẹ́kà má bàa ṣìnà. Ti tín-ín-rín, ká máa pè é lódindi: *ẹ̀mú ìyọ-ẹ̀gún*.

Ṣùgbọ́n pé ọ̀bẹ ti tó fún ará ọ́fíìsì, n kò rò bẹ́ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ṣẹ́ sínú àgádágodo, àjákù rẹ̀ yọrí díẹ̀: ọ̀bẹ wo ló máa fà á jáde? Gíláàsì gílóòbù fọ́, ìdí rẹ̀ há sínú hóódà: pa iná láti bírékà, ti ẹnu ṣóńṣó bọ inú ìdí náà ní pípadé, ṣí i kó fún un látinú, kí o sì yí i sósì. Pùláyà tó wà nílé ní Nyanya kò wúlò fún ẹni tó wà ní ọ́fíìsì ní Maitama. Mo gbà pé ó wúwo, àpò bẹ́líìtì ni ibùgbé rẹ̀, kì í ṣe àpò káfútáànì. Ẹ sì gbé méjèèjì sínú ẹrù tó ń lọ sísàlẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú bí ẹ bá ń lọ sí Kano. Ojú ọ̀bẹ kì í bá èrò jókòó.

Ibi tí o ti sọ̀rọ̀ rọ́bà fóòtì 1000 yẹn ṣe pàtàkì ju orúkọ lọ. Irin lásán ni apá Wave+, iná fóòtì 230 á gba inú rẹ̀ dé ọwọ́ láìbèèrè. Ike ara Huntsman kì í ṣe ààbò náà, irin wà láàárín rẹ̀ àti ní ojúde. Ìbówáyà méjèèjì sì ní ewu tó fara sin: bí o bá tẹ̀ ẹ́ jù, á gé díẹ̀ nínú okùn bàbà. Ibẹ̀ á tín-ín-rín, á máa gbóná bí áyọ́ọ̀nù bá ń fa iná, èèpo wáyà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Èèpo nìkan ni kí o fi là yíká, kí o sì fi ìka fa ìyókù.

Bí n óò ṣe kọ wọ́n nìyí, kí ẹ gé e bí ó bá gùn:

*Ọ̀bẹ ọlọ́mọ*: ọ̀bẹ àkápọ̀ tí àwọn irinṣẹ́ kéékèèké mìíràn ń ká wọnú èèkù rẹ̀, kò ní ẹnu ìmú-nọ́ọ̀tì, wo ara rẹ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ ń tì tàbí kì í tì.

*Ẹ̀mú ọlọ́mọ* (tàbí pùláyà ọlọ́mọ): ẹ̀mú àkápọ̀ tí ọ̀bẹ, ayùn, fáìlì àti àwọn mìíràn ń gbé inú apá rẹ̀, wáyà líle bíi ti dùùrù, ibi ìgéwáyà líle nìkan ni kí a fi gé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú rẹ̀ á jẹ, a kì í fi kan wáyà tí iná wà nínú rẹ̀.