Láti òkè Adó Àwáyè dé etí òkun Àgbádárìgì: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ìyá elélùbọ́, Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́:

Ẹ kú ilé o. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n wá sọ ibi tí mo kó ìyá mi àtàwọn ọmọ lọ lásìkò ọlidé, ẹ má bínú pé mi ò tètè dá yín lóhùn. Ọjà ò jẹ́.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi dá àjọ kí ìyá mi lè rí òkun. Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí wọn sí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti lọ́kọ. Ẹni ọdún 78 ni wọ́n, odò Ọbà sì ni omi tó tóbi jù tí ojú wọn rí. Àwọn ọmọ ní tiwọn ń pariwo Adó Àwáyè, torí tíṣà wọn sọ fún wọn pé omi wà lórí òkè níbẹ̀. Mo ní kò burú, òkè la ó kọ́kọ́ gùn.

Aago mẹ́fà àárọ̀ la wọ mọ́tò Ìsẹ́yìn. Nígbà tá a fi dé ọ̀hún, àwọn ahunṣọ ti jókòó sídìí òfì, ẹ ó máa gbọ́ ọ tó ń dún lẹ́yìnkùlé àwọn èèyàn. Mọ́tò mìíràn ló gbé wa dé Adó. A sanwó nísàlẹ̀ òkè, wọ́n fa ọmọkùnrin ìlú kan lé wa lọ́wọ́ pé kó máa ṣíwájú wa.

Àtẹ̀gùn 369 ló wà níbẹ̀. Ọmọ mi kejì ní òun máa kà á. Ó kà á dé 212, àbúrò rẹ̀ pè é, ònkà dàrú mọ́ ọn lójú, ló bá bú sẹ́kún, ó ní àfi ká padà sísàlẹ̀ ká tún un bẹ̀rẹ̀. Àpò èlùbọ́ ni mo ń gbé lójoojúmọ́, mo sì rò pé òkè kan ò lè rẹ̀ mí. Kí n tó dé ìdajì, orúnkún mi ti ń gbọ̀n. Ìyá mi ò bá wa gùn ún, ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ nísàlẹ̀ la fi wọ́n sí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, atẹ́gùn orí òkè yẹn! Ọmọkùnrin náà fi Ìṣàgẹ hàn wá, àpáta ràbàtà tó dúró lórí ibi tín-ín-rín, àfi bíi pé ọmọdé lè tì í ṣubú. A kọjá níbi tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ kan ayé, ẹsẹ̀ kan ọ̀run, mi ò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ bojú wo ìsàlẹ̀. Ìyàkẹ́, adágún orí òkè náà, la tìtorí ẹ̀ wá. Bí ẹni pọnmi, tó gbé e karí, tí kò sì kán sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni adágún yẹn ṣe wà lórí àpáta. Koríko ti bo etí rẹ̀. Lámilámi kan ń fi ìrù kan omi, á gbéra, á tún kàn án. Afinimọ̀nà wa ní ẹnikẹ́ni kì í ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, pé ẹni tó bá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ kò ní padà, àmọ́ àwọn tó ń wá ọmọ máa ń wá bu omi rẹ̀ mu.

Ó ní orí òkè yìí ni àwọn baba wọn gbé rí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ogun lókèèrè. Ó wá nawọ́ sí apá ibi tí Òṣogùn wà. Òṣogùn yìí náà ni wọ́n ti kó Àjàyí lẹ́rú ní 1821, òun àti ìyá rẹ̀, Àjàyí tó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Mo ka ìtàn yẹn nílé ìwé, mi ò mọ̀ pé ìtòsí wa níbí ni. Mo ń wo igbó tó tẹ́ lọ salalu nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ò wá sí mi lẹ́nu.

Mo sọ fún ìyá mi nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, “Ṣé òkun tí wọ́n fi kó wọn lọ yẹn náà la fẹ́ lọ wò?” Mo ní òun ni, mà.

Ẹ jẹ́ kí n gbé ọbẹ̀ kaná, mò ń bọ̀.

Tíṣà, Tákié, Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ kú àrìnyè, ẹ̀gbọ́n. Ìdànrè ni tèmi, èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ 24. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ibi ìsinmi márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà. Àṣìṣe mi ni pé ọ̀sán gangan la bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Àpáta ti gba oòrùn, ó ń jó wa láti ìsàlẹ̀ bàtà. Ọmọbìnrin kan dákú níbi ìsinmi kẹta. Kò jẹun láàárọ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. A gbé e síbòji, a fomi nù ún lójú àti lọ́rùn, ó jí. Ara mi ò balẹ̀ títí a fi délé. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń bi ọmọ kọ̀ọ̀kan pé kí lo jẹ, a sì gbọ́dọ̀ ti máa gùn ún kí aago méje tó lù.

Ìlú àtijọ́ ṣì wà lókè: ààfin Ọwá, ilé ẹjọ́, ilé ìwé. Ọdún 1923 ni àwọn ará ìlú tó sọ̀ kalẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé, “Sà, àwọn aláboyún ńkọ́?” Gbogbo wa wo àtẹ̀gùn yẹn.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Èkó:

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn tó ń ka èyí di ọmọ wọn mú létí òkun. Mo mọ odò wẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n òkun kì í ṣe odò. Mo rí ibì kan tí omi pa rọ́rọ́ láàárín ìgbì, ibẹ̀ ni mo kó sí. Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni omi tí ìgbì kó wá sétíkun ń gbà padà. Ó wọ́ mi lọ. Bí mo ṣe ń wẹ̀ bọ̀ nílẹ̀ ni mò ń jìnnà sí i, apá mi ti kú. Apẹja kan ló ń pariwo, “Gba ẹ̀gbẹ́! Gba ẹ̀gbẹ́!” Ìgbà tí mo wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, tí mo ń tẹ̀ lé etíkun, ni omi náà tú mi sílẹ̀, ìgbì wá ń tì mí bọ̀. Ẹ má bá a jìjàkadì, ẹ gba ẹ̀gbẹ́.

Ìyá elélùbọ́:

Ọlọ́run ló yọ ọ́, àbúrò. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi.

A sun Àgbádárìgì mọ́jú. Láàárọ̀, a wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn oníwàásù kọ́ parí ní 1845. Èkó ni wọ́n ti gbé Crowther wọ ọkọ̀ àwọn Potogí ní 1822, ṣùgbọ́n Àgbádárìgì yìí ló gbà wọlé padà, ní 1845 náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó rí ìyá rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta. Ìyá mi bi afinimọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì pé, “Ṣé ìyá yẹn dá a mọ̀?”

A wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gberefu. Ìyá mi di ìró mi mú títí a fi gúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà, iyanrìn ni, ẹ ó rìn ín. Kànga kan wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ní omi rẹ̀ ni wọ́n ń fún àwọn ẹrú mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ìyá mi ò súnmọ́ ọn. A ò tíì rí òkun tí wọ́n fi ní, “Kí ló ń hó báyìí?”

Wọ́n bọ́ bàtà. Omi wá, ó bo ọrùn ẹsẹ̀ wọn, ó padà, wọ́n sì pariwo pé ó ń wa ilẹ̀ lábẹ́ gìgísẹ̀ àwọn. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n tu ú dànù. Wọ́n wá sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí láyé mi: ìyá ìyá wọn sọ pé ẹnìkan wà nídìílé àwọn tó lọ pọnmi tí kò padà, Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ké sí i lẹ́ẹ̀mẹta lójú omi yẹn. Ọmọ mi kejì bá wọn pè é lẹ́ẹ̀kẹrin.

Láti ìgbà tá a ti dé, Òṣogùn ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, mọ́tò wo lẹ wọ̀ láti Ìsẹ́yìn? Ẹsẹ̀ wọn ò lágbára púpọ̀ mọ́, mi ò fẹ́ ibi tí a ó ti rìn jìnnà.