Onígbọ̀wọ́ kọ́, alágbàpolówó ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú làákàyè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣèwádìí nípa àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń sanwó fún Tiger Woods, ará Amẹ́ríkà tó ń gbá gọ́ọ̀fù, kó lè máa gbé orúkọ wọn kiri. Ó ní kí n bá òun wá Yorùbá irú àdéhùn yìí, tí òyìnbó ń pè ní "endorsement". Mo bi yín, àwọn kan ní "onígbọ̀wọ́" ni kí á pe ilé-iṣẹ́ náà, bàbá wa kan sì ní "agbátẹrù". Ẹ má bínú, n kò fara mọ́ méjèèjì.

Onígbọ̀wọ́ yé mi, ó ti jẹ mí níyà rí. Nínú Òṣogbo níbí, lápá ọjà Ìgbọ̀nà, mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù fún ọ̀rẹ́ kan tó fẹ́ yáwó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi kó ẹrù rẹ̀ lóru. Inú owó tèmi ni wọ́n ti yọ gbèsè ọ̀hún. Bíírò pupa ni akọ̀wé fi kọ "onígbọ̀wọ́" síwájú iye náà nínú ìwé mi, ó tún fa ìlà sí i nídìí. Ẹni tí ọ̀ràn ẹlòmíì ń wá délé ni onígbọ̀wọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni Accenture, ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń sanwó fún Woods nígbà náà, ṣe? Nígbà tí ọ̀rọ̀ ilé Woods di ariwo lópin ọdún 2009, ńṣe ni wọ́n já a sílẹ̀, AT&T, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, náà sì tẹ̀lé wọn. Nike dúró tì í, òótọ́ ni, àmọ́ ta ló jẹ́ kan ilẹ̀kùn Nike pé Woods jẹ òun lówó?

Agbátẹrù dùn létí jù ú lọ. Bí èmi ṣe ń tú u, ẹni tó gbé àtẹ rù ni. Ilé-iṣẹ́ tó bá náwó sí ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, ẹ pè é bẹ́ẹ̀, ẹrù ọdún wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀fù yìí, Woods gan-an ló ru àtẹ! Nike kò ṣe igi gọ́ọ̀fù mọ́ láti 2016, nígbà tó fi máa di 2017, fìlà àti ẹ̀wù rẹ̀ jẹ́ ti Nike, igi ọwọ́ rẹ̀ ti TaylorMade, bọ́ọ̀lù ti Bridgestone. Orí kan, àtẹ mẹ́ta.

Ohun tí mo fi ń pe Woods ní "alágbàpolówó" nìyẹn. Alágbàfọ̀ ń gba aṣọ aláṣọ fọ̀, ó ń gbowó. Iṣẹ́ àgbàṣe kì í ṣe iṣẹ́ ẹni. Àdéhùn náà, ẹ jẹ́ ká pè é ní àdéhùn àgbàpolówó. Ilé-iṣẹ́ tó ni ọjà, ọlọ́jà ni, kò le rárá.

Ẹnìkan á ní ẹnu ni wọ́n fi ń polówó, pé ẹlẹ́kọ ní láti ké "ẹ̀kọ gbóná". Kó lọ wo ìdíje Masters ti 2005, ihò kẹrìndínlógún. Woods rọra ta bọ́ọ̀lù náà, ó yí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sọ̀kalẹ̀, ó dé etí ihò, ó dúró. Àmì Nike ara rẹ̀ kọjú sí kámẹ́rà kedere. Ká tó ṣẹ́jú, ó já wọlé. Ìpolówó wo ló tún ju ìyẹn lọ?

Ibì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ mi ti tiro. Ní 2024, Woods kúrò lọ́dọ̀ Nike lẹ́yìn ọdún 27, òun àti TaylorMade sì gbé aṣọ Sun Day Red jáde, nítorí ẹ̀wù pupa tó máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Sunday. Ọmọ náà bi mí pé, "Bàbá, ọwọ́ ta ló wá ti gba èyí polówó?" Ọjà tirẹ̀ ló ń polówó báyìí, mo ní kó kọ "ó ń polówó" lásán, kó yọ "àgbà" kúrò.